Bí A Ṣe Lè Mú Kí Afẹ́fẹ́ Gba Inú Rédíétọ̀ Dáadáa Nínú Bàálù Tí A Fọwọ́ Ara Wa Kàn

Bí omi rédíétọ̀ bá ń gbóná jù nínú bàálù tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a ra rédíétọ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó yẹn. Ó wọ́pọ̀ pé kí rédíétọ̀ tó wà nílẹ̀ tó iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kó sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba inú rẹ̀ kọjá ni kò gba ibẹ̀. Rédíétọ̀ ńlá tún wúwo, ó ń gba àyè, bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kò bá sì dára, òun náà yóò gbóná bíi ti àkọ́kọ́.

Kì í ṣe eré tí bàálù ń sá nìkan ló ń mú afẹ́fẹ́ wọ rédíétọ̀. Ohun tó ń gbé e kọjá ni pé ìfúnpá, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan, pọ̀ níwájú rédíétọ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Bí ìyàtọ̀ yìí bá kéré, afẹ́fẹ́ yóò kàn rọra máa fà ni. Nítòsí ilẹ̀, bàálù tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan lè rí ìfúnpá tó lè gbé omi sókè ní nǹkan bí mìlímítà 48 péré. Bó bá ń sá 200, yóò di ìlọ́po mẹ́rin, nǹkan bí mìlímítà 193. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí bàálù bá ń gòkè ni ooru máa ń yọni lẹ́nu jù: ẹ́ńjìnnì ń lo gbogbo agbára rẹ̀, eré sì kéré. Gígòkè ni kí ẹ fi díwọ̀n iṣẹ́ yín, nítorí rédíétọ̀ tó tutù nígbà tí bàálù ń fò gbọọrọ lè má lè gbé e nígbà tó bá ń gòkè.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, nítorí pé àtúnṣe wọn kò wọ́n, èrè rẹ̀ sì pọ̀. Afẹ́fẹ́ kì í gba ibi tó há bó bá rí ibi tó ṣí sílẹ̀. Ẹ wo rédíétọ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì ga ní 20. Bí àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan péré bá yí i ká, àlàfo náà yóò fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ojú rédíétọ̀ náà, ewé tín-ín-rín kankan, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lójú rédíétọ̀, kò sì sí níbẹ̀ tí yóò dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, nítorí náà ohun tí yóò gba ibẹ̀ sá lọ yóò ju ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Ẹ ti bàálù wọ ilé tó ṣókùnkùn lálẹ́, ẹ ti ojú tọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu àbáwọlé, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ sí rédíétọ̀, kí ẹ sì wá dúró sí ẹ̀yìn rédíétọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láàárín ewé rédíétọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó bá ti yọ ní ẹ̀gbẹ́, ní igun, tàbí níbi tí họ́ọ̀sì gbà wọlé, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Rọ́bà sílíkónì tó lè fara da ooru ni kí ẹ fi dí i, nítorí fóòmù lásán yóò rún. Ẹ jẹ́ kí etí rọ́bà náà tẹ̀ síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ìfúnpá fúnra rẹ̀ lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bó bá tẹ̀ síhà ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ yóò ṣí i bí ilẹ̀kùn. Ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ pinpin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ìbòrí rẹ̀ kò sì ń bá a gbọ̀n.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá wo ẹnu àbáwọlé. Ẹnu yìí lè kéré ju ojú rédíétọ̀ lọ dáadáa, nítorí iṣẹ́ ọ̀nà tó wà láàárín wọn ni láti máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí eré afẹ́fẹ́ lè dínkù, kí ìfúnpá rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Bí ògiri ọ̀nà náà bá yà jù, afẹ́fẹ́ yóò fi ògiri sílẹ̀, yóò máa yí po níbẹ̀, àárín rédíétọ̀ nìkan ni yóò sì rí afẹ́fẹ́ gbà. Nǹkan bí ìwọ̀n digíríì 7 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló dára. Ọ̀nà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 tó sì fẹ́ di 20 yóò nílò nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 ní gígùn bẹ́ẹ̀, àyè yìí kì í sì í sábà sí. Níbi tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà náà wà ní tóóró fún ìgbà pípẹ́, kó wá ṣí bí ẹnu fèrè nígbà tó bá kan rédíétọ̀ gan-an, nítorí ìdíwọ́ tí ewé rédíétọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ yóò ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ láti tàn ká. Ètè àbáwọlé gbọ́dọ̀ nípọn kó sì rí róbótó, kó má mú bí ojú ọ̀bẹ.

Bó bá jẹ́ pé abẹ́ ikùn bàálù ni ẹnu náà wà, ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ tó fara ra awọ bàálù ti rẹ̀, kò ní agbára mọ́. Ẹ gbé ètè ẹnu náà jìnnà díẹ̀ sí awọ ikùn, kí afẹ́fẹ́ aláìlágbára yìí lè gba àlàfo náà kọjá lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é lára bàálù ogun P-51 Mustang ti Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ fò ní 1940, nìyẹn.

Ibi àbájáde ni wọ́n ń gbàgbé jù, ó sì dùn mí, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde kò ní wọlé. Ẹ má ṣe dárí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú awakọ̀, nítorí ìfúnpá ibẹ̀ ga. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ìbòrí ẹ́ńjìnnì ló ń gbà jáde, ẹ wo etí ìsàlẹ̀ ògiri irin tó pín ẹ́ńjìnnì níyà kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀: bí etí yẹn bá ní igun ṣóńṣó, ẹ fi páànù tí ẹ tẹ̀ ní róbótó bò ó, kí afẹ́fẹ́ lè yí síta láìdààmú. Ètè kékeré tó yọ sísàlẹ̀ níwájú àbájáde náà yóò bá yín fa afẹ́fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ó ń dín eré bàálù kù, nítorí náà èyí tí awakọ̀ lè ṣí nígbà gígòkè kó sì pa dé lẹ́yìn náà ló sàn jù. Láti nǹkan bí 1935 ni F. W. Meredith, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde lẹ́yìn rédíétọ̀ lè ti bàálù síwájú díẹ̀; ẹ má lépa ìyẹn títí ooru yóò fi wá sílẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ibi tí àléébù wà, ẹ rọ omi aláwọ̀ sínú rọ́bà aláìláwọ̀ tí ẹ tẹ̀ bí U. Ẹ so ojú kan mọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ síwájú rédíétọ̀, kí ojú kejì ṣí sílẹ̀ nínú yàrá awakọ̀. Ẹ ṣe ọ̀kan bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yìn rédíétọ̀ náà. Bí gíga omi ní apá méjèèjì U náà bá ṣe yàtọ̀ síra tó ni yóò fi bí ìfúnpá ṣe pọ̀ tó hàn yín. Bí ìfúnpá iwájú bá kéré nígbà gígòkè, ẹnu àbáwọlé ló ní àléébù tàbí kó jẹ́ pé ihò ṣì wà; bí ti iwájú bá ga tí ti ẹ̀yìn náà sì ga, àbájáde ni kí ẹ tún ṣe. Kámẹ́rà tàbí ẹni kejì ni kó máa ka omi náà, kí awakọ̀ kọjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ kan rọ́bà tí òṣùwọ̀n eré bàálù ń lò rárá.

Ẹ tún ewé rédíétọ̀ tó ti wó ṣe, ẹ fọ kòkòrò àti epo kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì tú afẹ́fẹ́ tó há sínú omi jáde láti ibi tó ga jù. Ẹ yẹ ìdérí rédíétọ̀ wò bóyá ó ṣì ń di ìfúnpá mú, nítorí ní gíga 3,000 mítà, nǹkan bí digíríì 90 ni omi tí kò sí lábẹ́ ìdérí ti ń hó. Ẹ má ṣe ṣí i nígbà tó bá gbóná.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ooru omi, ooru afẹ́fẹ́ ìta àti eré bàálù sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní àṣẹ àyẹ̀wò bàálù rí iṣẹ́ náà kí ẹ tó fò. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má kúrò nítòsí pápá ọkọ̀ òfúrufú. Bí ooru bá sì ń sún mọ́ ibi tí ìwé ẹ́ńjìnnì fi òpin sí, ẹ rẹ imú bàálù sílẹ̀ kí eré lè pọ̀, ẹ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kí ẹ sì padà wá balẹ̀.