Wíwá Kóòṣì fún Ẹgbẹ́ Tó Ti Wó: Àwọn Àṣìṣe Tí Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà Ń Ṣe Léraléra

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1984, Georgetown na Houston 84 sí 75 ní ìlú Seattle, nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ọmọ Èkó kan tó kúrò nílé lọ́dún 1980, Akeem Olajuwon, ló ń ṣọ́ abẹ́ àwọ̀n fún Houston. Patrick Ewing ló ń ṣọ́ ọ fún Georgetown. Ẹni tó bá rí ẹgbẹ́ méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò lè gbà pé àwọn méjèèjì máa wó, débi tí wọ́n á fi máa wá ẹni tí yóò gbé wọn dìde. Wọ́n wó lóòótọ́. Ohun tó ká mi lára jù ni pé nígbà tí wọ́n ń wá ẹni náà, àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan kóòṣì, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣèpàdé, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọdún mẹ́rin péré lọmọ ní ní yunifásítì. Bí àgbà bá yan kóòṣì tí kò yẹ, àgbà á tún òmíràn yàn. Ọmọ kò ní rí ọdún rẹ̀ gbà padà.

Ẹ má fi ìfẹ́ ọmọ ilé yan kóòṣì

Lẹ́yìn 1984, Houston kò borí nínú eré kan ṣoṣo nínú ìdíje NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, títí di ọdún 2018. Ọdún 34 nìyẹn. Ní àárín rẹ̀, lọ́dún 1998, wọ́n ranṣẹ́ sí Clyde Drexler, tó bá Olajuwon gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì náà, tí àwọn méjèèjì sì tún jọ gba ife NBA, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí jẹun, lọ́dún 1995. Ìlú dùn. Àmọ́ Drexler kò ṣe kóòṣì rí. Sáà méjì ló lò, ó borí nínú eré 19, ó pàdánù 39, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Georgetown rí èyí, síbẹ̀ lọ́dún 2017 wọ́n gbé ẹgbẹ́ wọn lé Ewing lọ́wọ́. Òun ti ṣe igbákejì kóòṣì ní NBA fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe kóòṣì àgbà níbì kankan. Lọ́dún 2021 ó gba ife Big East, líìgì tí Georgetown wà nínú rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí ẹ̀, gbogbo èèyàn sì rò pé oòrùn ti yọ. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá eré 19 nínú Big East, wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Yunifásítì St. John's náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2015 pẹ̀lú Chris Mullin, akọni wọn ayé ọjọ́un: sáà mẹ́rin, eré 59 tó borí, eré 73 tó pàdánù.

Àwa Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Nínú ẹbí, ọ̀rọ̀ náà dára. Nínú ìgbìmọ̀ tó ń wá kóòṣì, ó ti ba ilé jẹ́ púpọ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Akọni tí Ọlọ́run fún lẹ́sẹ̀ àti ojú kò fìgbà kan ní láti ṣàlàyé fún ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Kóòṣì àgbà sì ní láti ṣàlàyé fún ọmọ tí kò ní ẹ̀bùn yẹn. Ó ní láti lọ jókòó nílé òbí ọmọ ọdún 17, kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó tún padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní láti yan àwọn igbákejì tó mọ ohun tí òun kò mọ̀. Ó sì ní láti wo ọmọ kan lójú kó sọ fún un pé kò ní wọlé gbá lónìí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọmọ ilé kì í ṣe èèwọ̀. Fred Hoiberg padà sí yunifásítì tó ti gbá bọ́ọ̀lù, Iowa State, lọ́dún 2010 láìṣe kóòṣì rí, ó sì gbé wọn dé ìdíje NCAA lẹ́ẹ̀mẹrin léra wọn, láti 2012 sí 2015. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ bi ara yín bóyá ẹ máa gba ọkùnrin yìí bí ó bá jẹ́ pé ilé-ìwé ẹlòmíràn ló ti kàwé jáde. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ fún un ní àga iyì níwájú, kí ẹ wá kóòṣì síbòmíràn.

Louisville: ilé kan náà, kóòṣì méjì

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí yíyàn ṣe ń pa ẹgbẹ́ àti bó ṣe ń gbé e dìde, ẹ wo Louisville. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n mú Kenny Payne, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó gba ife fún wọn lọ́dún 1986. Ó ti ṣe igbákejì kóòṣì ní Yunifásítì Kentucky fún ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀, ẹnu àwọn àgbà ìlú sì kò lórí ẹ̀. Kóòṣì àgbà nìkan ni kò ṣe rí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, àkísà yìí gan-an ni ẹgbẹ́ tó ti wó sì nílò.

Ẹ wo eré mẹ́ta àkọ́kọ́. Bellarmine, ilé-ìwé kékeré tó wà nínú ìlú Louisville fúnra rẹ̀, na wọ́n pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo. Wright State na wọ́n pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo. Appalachian State náà, àmì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tó ń pàdánù báyìí kì í ṣe ẹgbẹ́ tí kò ní agbára. Ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn eré ni ìṣòro wọn: ta ni bọ́ọ̀lù máa dé ọwọ́ ẹ̀, ìgbà wo la máa dá eré dúró, ta la máa yọ. Ibi tí kóòṣì àgbà ti ń jẹ owó rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ibi tí igbákejì ti lè kọ́ ọ àfi kó bọ́ sí i fúnra rẹ̀. Wọ́n pàdánù eré mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Sáà náà parí sí 4 tí wọ́n borí, 28 tí wọ́n pàdánù. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 8 sí 24. Pápá tó ń gba ju 20,000 èèyàn lọ wá dà bí ọjà tí òjò lé èèyàn kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún 2024 wọ́n mú Pat Kelsey. Kì í ṣe ọmọ ilé, orúkọ rẹ̀ kò sì dún. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe kóòṣì àgbà ní Winthrop láti 2012, ó sì ti ṣe é ní Charleston. Ó mú ọmọ méjì, Reyne Smith àti James Scott, tẹ̀ lé ara rẹ̀ láti Charleston, kí àwọn tuntun lè rí ẹni tó mọ ọ̀nà. Sáà àkọ́kọ́: ó borí nínú eré 27, ó pàdánù 8. Ìlú kan náà ni, pápá kan náà, àwọn olólùfẹ́ kan náà.

Ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ lọ wo ibi ìgbáradì

Ìgbìmọ̀ máa ń pe èèyàn sínú yàrá, wọ́n á bi í pé kí ló ní lọ́kàn fún ẹgbẹ́ náà. Ó máa sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí kóòṣì wo ni kò mọ ọ̀rọ̀ sọ? Ẹ bi í léèrè ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí kò sí kámẹ́rà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ rán ẹnì kan lọ wò ó.

Ní Houston, lábẹ́ kóòṣì wọn Kelvin Sampson, wọ́n ní ìdérí oníke kan tí wọ́n máa ń fi bo ẹnu agbọ̀n nígbà ìgbáradì. Bọ́ọ̀lù kankan kò lè wọlé. Gbogbo èyí tí wọ́n bá jù ló ń ta padà, àwọn ọmọ á sì jọ fò sí i, ìgbọ̀nwọ́ sí ìgbọ̀nwọ́, títí ẹnì kan á fi já a gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún máa ń yí bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí ọmọ méjì fi àyà lélẹ̀ dù ú. Ẹ kò ní gbọ́ èyí nínú ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹ máa rí i ni. Ẹni tó bá ti wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan ti mọ irú ẹgbẹ́ tí yóò ní.

Kóòṣì àtijọ́ Houston, Guy Lewis, náà mọ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Olajuwon dé, tó ṣì jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ló ti gbá jù nílé, Lewis ní kó máa lọ sí gbọ̀ngàn Fonde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti máa bá Moses Malone figa gbága, ọ̀kan nínú àwọn tó le jù ní NBA nígbà náà. Ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ gbà pé: ọmọ wo lo gbà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan, kí lo fi kọ́ ọ, níbo ló wà báyìí?

Àwọn àṣìṣe mìíràn tí n kò ní pẹ́ lórí wọn

Ẹ wo ìwé ẹ̀rí. Lọ́dún 2014, Yunifásítì South Florida ti fẹ́ gba Steve Masiello tán kí wọ́n tó rí i pé kò tíì gba oyè tó kọ sínú ìwé rẹ̀ pé òun gbà ní Kentucky. Fóònù kan sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ló tó láti mọ̀ ọ́n.

Ẹ má padà sọ́dọ̀ olólùfẹ́ àtijọ́ nítorí pé ẹ rántí ìgbà dídùn. Dave Leitao gbé Yunifásítì DePaul dé ìdíje NCAA lọ́dún 2004. Wọ́n pè é padà lọ́dún 2015, ó lo sáà mẹ́fà, kò sì dé ibẹ̀ mọ́.

Ní ti àdéhùn iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ kà á ní ọ̀rọ̀ ní ọ̀rọ̀. Yunifásítì Connecticut (UConn) lé kóòṣì rẹ̀, Kevin Ollie, lọ́dún 2018, wọ́n ní ó rú òfin nítorí náà àwọn kò ní san ìyókù owó rẹ̀. Adájọ́ onílàjà dá a láre, ó sì ní kí wọ́n san ju mílíọ̀nù 11 dọ́là lọ. Owó gbà-má-bínú tí ẹ kọ sínú ìwé lọ́jọ́ ayọ̀, ẹ máa san án lọ́jọ́ ìbànújẹ́. Ẹ sì ronú nípa apá kejì rẹ̀: lọ́dún 2016, Chris Beard gba iṣẹ́ kóòṣì ní UNLV, yunifásítì kan ní Las Vegas, kò sì tó oṣù kan tó fi lọ sí Yunifásítì Texas Tech.

Ẹ má ra ọkọ̀ láìní owó epo

Èyí ni àwọn olówó tó ń ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n á kó gbogbo owó jọ fún ẹni kan ṣoṣo, wọ́n á wá gbé e sínú ilé tó ń jò. Nígbà tí Sampson dé Houston lọ́dún 2014, pápá wọn ti gbó. Ohun tí yunifásítì náà ṣe dáadáa ni pé wọ́n kọ́lé fún iṣẹ́ náà: ilé ìgbáradì tí wọ́n fi orúkọ Guy Lewis pè ṣí lọ́dún 2016, Tilman Fertitta fi mílíọ̀nù 20 dọ́là sílẹ̀, pápá tí wọ́n tún kọ́ sì ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2018.

Lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bíríkì. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni àwọn ọmọ ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, láti oṣù keje ọdún 2025 sì ni yunifásítì fúnra rẹ̀ ti lè pín owó fún wọn, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́ fún gbogbo eré ìdárayá pọ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún kóòṣì nípa èyí tó máa kàn án. Ẹ má sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣèpàdé nígbà tí àwọn ọmọ yín ti ń fi orúkọ sílẹ̀ láti lọ sí yunifásítì mìíràn. Bí kóòṣì bá ṣe ń pẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń ṣófo.

Ẹ má tú irúgbìn wò

N kò ní bo èyí mọ́lẹ̀: nígbà tí Houston mú Sampson, ó ti jìyà lọ́wọ́ NCAA. Lọ́dún 2008 wọ́n fi ìjìyà ọdún márùn-ún lé e lórí nítorí ìpè fóònù tí òfin kò gbà sí àwọn ọmọ tó fẹ́ fà wá sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Houston mọ̀, wọ́n bi í léèrè, wọ́n sì wo ohun tó ti ṣe ní Montana Tech, ní Washington State, ní Oklahoma, níbi tó ti dé Final Four, ìpele tó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré nínú ìdíje NCAA, lọ́dún 2002. Wọ́n gbà á pẹ̀lú ojú tó là.

Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ó borí nínú eré 13, ó pàdánù 19. Ìgbìmọ̀ tí kò ní sùúrù ti lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn nígbà yẹn. Hoiberg tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dé Nebraska lọ́dún 2019, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7 sí 25, ó tún ṣe 7 sí 20, ó tún ṣe 10 sí 22. Wọ́n fi í sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Sáà karùn-ún, 23 sí 11, wọ́n sì dé ìdíje NCAA. Scott Drew gba iṣẹ́ kóòṣì ní Yunifásítì Baylor lọ́dún 2003 lẹ́yìn tí agbábọ́ọ̀lù kan ti pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìwà ìbàjẹ́ kóòṣì tó wà níbẹ̀ sì tú síta. Ọdún márùn-ún ló gbà á kó tó dé ìdíje NCAA, ọdún 18 kó tó gba ife lọ́dún 2021, nígbà tí wọ́n na Gonzaga 86 sí 70.

Houston dúró ti Sampson. Lọ́dún 2018 wọ́n borí nínú eré NCAA wọn àkọ́kọ́ látìgbà ayé Olajuwon. Lọ́dún 2021 wọ́n dé Final Four. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n wà nínú àṣekágbá ní San Antonio, ìgbà àkọ́kọ́ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ní Seattle. Florida na wọ́n 65 sí 63. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tó ń wá kóòṣì ní Houston.