Bí A Ṣe Ń Ra Megatron Àtijọ́, Tí A sì Ń Tọ́jú Rẹ̀ ní Èkó

Megatron tí mò ń sọ níbí ni ohun ìṣeré róbọ́ọ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Hasbro ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1984, olórí àwọn Decepticon, ìyẹn ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì burúkú inú ìtàn Transformers, ọ̀dájú tí ó ń lépa Optimus Prime, olórí àwọn Autobot tí ń bá wọn jà, nínú ìwé kọ́míìkì tí Marvel bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà, tí ó sì dé ìtẹ̀jáde 80 kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní 1991. Kì í ṣe Hasbro ló kọ́kọ́ ṣe ohun ìṣeré náà. Takara ti ilẹ̀ Japan ti ń tà á ṣáájú lábẹ́ orúkọ Micro Change, gẹ́gẹ́ bí ìbọn ìléwọ́ Walther P38 ti Jámánì tí ó ń yí padà di róbọ́ọ̀tì. Ohun mẹ́ta ló wá yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń di mọ́tò: àwọ̀ fàdákà tí ń dán bí dígí ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, àwọn oríkèé rẹ̀ kò nípọn, ó sì jọ ìbọn tòótọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní in ní Èkó níbí gbọ́dọ̀ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn láti ọjọ́ tí ó bá ti ń nájà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Èyí tí ẹ bá rí nínú páálí tuntun tí ń dán ní Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun, ayédèrú ló sábà máa ń jẹ́. Kò burú kí ọmọ fi ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ má san owó ti àtijọ́ lé e lórí. Inú ẹrù tòkunbọ̀ ni ó dára kí ẹ ti máa wá ti gidi, láàárín àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n dà sílẹ̀ pẹ̀lú òkìríkà ní Yaba, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó ti òkè òkun dé. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti tó láti ríran, tí oòrùn kò sì tíì mú kí ọwọ́ máa làágùn.

Ẹ kọ́kọ́ yí i sódì, kí ẹ wá àwọn lẹ́tà wínníwínní tí ó wà lára ike fúnra rẹ̀: orúkọ Takara tàbí Hasbro, pẹ̀lú ọdún. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, tàbí tí lẹ́tà náà rí wúruwùru bí àbẹ́là tí ó ti yọ́ díẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí pé ẹni tí ń ṣe ayédèrú lè da gbogbo ara rẹ̀ kọ tòun ti lẹ́tà. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ṣe é tóbi ju ti gidi lọ. Láti ọdún 1985, Hasbro tún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ sítíkà dúdú kékeré kan mọ́ àwọn Transformers, èyí tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka ra á títí tí ó fi lọ́wọ́ọ́rọ́, ojú Autobot tàbí ti Decepticon yóò yọ nínú rẹ̀. Nínú ooru ọ̀sán Èkó, ojú náà lè ti yọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lọ láàárọ̀. Èyí tí ó jáde ní 1984 kò ní sítíkà yìí, nítorí náà ẹ má tìtorí àìsí rẹ̀ pe Megatron gidi ní ayédèrú.

Ẹ béèrè àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kí ẹ tó dá iye. Ó ní awò tí a ń gbé ka orí ìbọn, ó ní ọ̀pá tí a ń fi sẹ́nu rẹ̀ láti dín ìró kù, ó sì ní ìdí ìbọn tí a ń gbé ti èjìká. Awò yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ló ń di ìbọn ńlá tí Megatron ń gbé sí apá nígbà tí ó bá di róbọ́ọ̀tì. Bí kò bá sí i, ọwọ́ òfo ni ó wà. Nígbà tí mo ra tèmi, kò sí i níbẹ̀. Mo bẹ ìyá tí ń tajà náà pé, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ àpò yẹn.” Wọ́n da àpò náà dé sórí rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, àti pé láàárín ẹsẹ̀ bèbí àti kẹ̀kẹ́ mọ́tò tí ó ti já, awò náà yí jáde, tòun ti iyanrìn ní ọ̀fun. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba Megatron jẹ́ ni fífọ̀. Àwọ̀ fàdákà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Irin tí wọ́n sọ di oru, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó bà lé ike ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò nípọn rárá. Èmi fúnra mi fi búrọ́ṣì ìfọyín àti ọṣẹ fọ èjìká kan. Nígbà tí mo fi omi ṣàn án, ìfófòó ọṣẹ náà ti di eérú, ike abẹ́ rẹ̀ sì ti ń yọjú níbi tí ó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí ó lè dá a padà. Aṣọ rírọ̀ bí èyí tí a fi ń nu awò ojú ni kí ẹ lò, kí ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, kí ẹ fi lélẹ̀ lórí ìdọ̀tí kí ó fà á, kí ẹ sì nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sípíríìtì, kẹrosíìnì àti omi tí a fi ń pa kúteesi rẹ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Òógùn ọwọ́ pẹ̀lú ń jẹ ẹ́. Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún, kí ẹ tó gbé e.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, kí ohun tí ó bá já má baà sọnù. Ẹ kọ́kọ́ yọ awò, ọ̀pá ẹnu àti ìdí ìbọn kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣí oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa di ibi tí ó sún mọ́ oríkèé náà mú, kì í ṣe ìparí apá tàbí ẹsẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúró, kí ẹ wo ohun tí ó dí i lọ́nà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò ni. Bí ẹ bá rí ilà funfun lára ike, ó ti fẹ́ kán nìyẹn, ẹ dá a padà síbi tí ó wà. Kòkó ìyìnbọn rẹ̀, tí ó máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì bí ó bá ti di róbọ́ọ̀tì, kì í ṣe ibi tí a ń dì mú. Bí oríkèé tí ó ní skúrúù bá sì ti dẹ̀, ẹ fún un ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré, nítorí bí ẹ bá fún un jù, ihò inú ike yóò jẹ.

Ọ̀rọ̀ gbígbé e kiri kò gba eré rárá. Láti òkèèrè, ọlọ́pàá kò lè mọ̀ pé ohun ìṣeré ni. Nítorí náà, róbọ́ọ̀tì ni kí ó jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e jáde nílé, nínú páálí, nínú báàgì tí a pa dé. Ẹ má ṣe yọ ọ́ nínú dánfó, ẹ má ṣe yí i padà lórí Third Mainland Bridge nítorí pé sún-kẹẹrẹ ti sú yín, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọ gbé e sáré jáde sí òpópónà. Irú ewu yìí ni ó mú kí Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí ìbọn ìṣeré ní àmì aláwọ̀ títàn lẹ́nu. Nígbà tí Hasbro sì tún gbé Megatron jáde ní ìran kejì, táǹkì, ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀, ni wọ́n sọ ọ́ dì. Bí èyí tí ẹ rà bá ní àmì pupa bí ọsàn lẹ́nu, ẹ má ṣe yọ ọ́.

Nílé, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé àti ilé ìdáná. Ẹ fi àpò pélébé tí ń fa omi, irú èyí tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rinrin, pàápàá bí ẹ bá ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà ní Erékùṣù Èkó. Ẹ má fi kánfọ̀ sí i, nítorí ó lè mú ike rọ̀. Ẹ má sì fi ọ̀rá dì í pa. Lóṣooṣù, ẹ ṣí i, kí ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ kan èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí aṣọ náà bá mọ́, ẹ dá a padà. Bí eérú fàdákà bá wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe yí Megatron yẹn padà mọ́. Ẹ fi sílẹ̀ ní ipò róbọ́ọ̀tì, kí awò rẹ̀ sì wà ní apá.