Ìwé ìkọ̀wé kan fún ọjọ́ ọsibítù: bí aláìsàn ṣe lè rí ìtọ́jú tó péye gbà ní Jẹ́nẹ́rà

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, kí ẹ fi okùn so bírò mọ́ ọn. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ inú báàgì lọ́jọ́ tí ẹ bá ń mú aláìsàn lọ sí ọsibítù ìjọba. Ní Jẹ́nẹ́rà, aláìsàn kan lè gba ọwọ́ èèyàn mẹ́jọ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo: ẹni tó ń fún ni ní káàdì, ẹni tó ń gbowó, nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP), dókítà, ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń kọ èsì, apoògùn, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù. Kálukú ń béèrè tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì máa ń jábọ́ láàárín wọn. Èyí tó jábọ́ yẹn ló ń di oògùn tí a lò ní ìlọ́po méjì, àyẹ̀wò tí a tún san owó rẹ̀, tàbí fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́. Aláìsàn àti ẹni tó tẹ̀ lé e nìkan ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ wọn ló sì yẹ kí àkọsílẹ̀ wà.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí, nọ́ńbà káàdì bó bá ti ní in, irú ẹ̀jẹ̀ àti genotype, àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ (ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ásímà), iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe rí, oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, àti nọ́ńbà fóònù ẹbí méjì.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré. Bó bá jẹ́ Ṣàkírù lónìí, Zakir lọ́la, Bàbá Bísí lọ́tùnla, fáìlì mẹ́ta ni wọn yóò ṣí fún un, àlàyé àìsàn rẹ̀ yóò sì pín sí mẹ́ta. Ẹ yan bí ẹ ó ṣe máa kọ ọ́, kí ẹ má yí i padà. Obìnrin tó ti lọ́kọ ní láti rántí bóyá orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi gba káàdì. Àgbàlagbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, ẹ bá a mú ọdún kan, kí ó sì dúró lé e, torí bí nọ́ńbà káàdì bá sọnù, orúkọ àti ọjọ́ orí ni wọn yóò fi wá fáìlì. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà sórí fóònù.

Gbogbo oògùn tó ń lò, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan tàwọn ti páálí wọn. Àgbo náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fi àgbo pa mọ́ nítorí pé dókítà lè bínú, àmọ́ àwọn egbòogi kan wà tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òmíràn ń da kíndìnrín láàmú. Bí dókítà ò bá mọ̀, ó lè fi oògùn lé ohun tí àgbo ti ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá mọ èèpo tàbí ewé tí wọ́n sè, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àṣìṣe kan tún wọ́pọ̀: aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní lo oògùn àárọ̀ nítorí pé ó ń lọ rí dókítà. Ìfúnpá rẹ̀ yóò ga, dókítà yóò rò pé oògùn náà kò ràn án, yóò sì fi kún un. Kí ó lò ó bó ṣe máa ń lò ó, àyàfi bí wọ́n bá ti sọ pé kó má lò ó.

Ìgbà tí kò sí ìdúró lórí ìlà

Ẹni tí mímí nira fún, tí gìrì ń mú, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tí ọwọ́ kan kò ṣeé gbé mọ́, aláboyún tó ń rí ẹ̀jẹ̀ tàbí tí orí ń fọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ọmọ ọwọ́ tí kò lè mu ọmú mọ́: ẹ̀ka pàjáwìrì ni gbogbo wọn ń lọ tààrà, káàdì yóò tẹ̀ lé e. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá rú u. Ti ẹni tí ìbọn bà, òfin ọdún 2017 sọ pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ìwé ọlọ́pàá. Ẹ kọ àwọn ọdún yìí sí ẹ̀yìn ìwé yín. Bí ẹ bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ wọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ.

Níbi tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá

Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wáyé jù, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í kíyè sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú máàrúwà, tó gun àtẹ̀gùn, tó ṣì ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, iye tí wọn yóò kọ fún un yóò ga ju bí ìfúnpá rẹ̀ ṣe rí lọ. Kí ó kọ́kọ́ lọ tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún ń gbé ìfúnpá sókè. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí ó má gbé ọ̀kan lé èkejì. Kí ó ká ọwọ́ aṣọ kúrò lápá, kí apá náà wà lórí tábìlì ní ọ̀gángán ọkàn. Kí ó má sọ̀rọ̀. Kí ó má ti mu kọfí tàbí sìgá láàárín 30 ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń wé mọ́ apá, bó bá há jù fún ẹni tó sanra, ó ń gbé iye tó ga ju òótọ́ lọ jáde, nítorí náà ẹ sọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí tó tóbi ju èyí lọ wà?” Bí nọ́ọ̀sì bá kánjú, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ wá kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, tòkè lórí tìsàlẹ̀, pẹ̀lú aago: 158/94, 9:20 àárọ̀. Bí ẹ bá kọ “wọ́n ní ó ga díẹ̀,” dókítà tí yóò rí i lóṣù tó ń bọ̀ kò ní rí nǹkan kan fi ṣe. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ìwúwo rẹ̀ ni kí ẹ kọ, iye kílò gan-an, torí òun ni wọn yóò fi wọn oògùn rẹ̀.

Níwájú dókítà

Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ má gbé orúkọ àìsàn lọ bá a, ohun tí ara ń ṣe ni kí ẹ sọ. Àwọn orúkọ àìsàn wa gbòòrò ju bí a ṣe rò lọ. Ẹnìkan ń pe ìdí tó yọ síta ní jẹ̀díjẹ̀dí, ẹlòmíràn ń pe ìgbẹ́ tó ní ikun bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ẹ̀yìn ríro, ọkùnrin mìíràn sì ń fi orúkọ yẹn bo pé nǹkan ọkùnrin òun kò ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà tó gbọ́ jẹ̀díjẹ̀dí lè wo ìdí nìkan, kó sì fi ohun tó gbé aláìsàn wá sílẹ̀. Ibà náà rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ara gbígbóná là ń pè ní ibà, ó sì lè jẹ́ èyí tí ẹ̀fọn fà, ó lè jẹ́ ti ìtọ̀, ó lè jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹ sọ pé, “Ara rẹ̀ gbóná láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, òtútù ń mú un lóru, ó bì lẹ́ẹ̀mejì, bó bá sì ń tọ̀ ó ń ta á.” Gbólóhùn yẹn á ṣí ọ̀nà fún un.

“Àyà mi ń já” lè jẹ́ ìbẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ ọkàn tó ń lù kìkìkì. Ẹ sọ èwo ni, bó ṣe ń pẹ́ tó, àti bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aláìsàn jókòó tàbí nígbà tó ń rìn. “Inú ń run mí” kò tó, torí láti abẹ́ àyà títí dé abẹ́ ìdodo là ń pè ní inú. Kí aláìsàn fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ti ń dùn ún jù. Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń lọ kó tún padà? Ṣé oúnjẹ ń mú un le sí i ni, àbí ó ń rọ̀ ọ́? Ẹ má tijú ìgbẹ́: èyí tó dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú, bẹ́ẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí tí aláìsàn ń lò.

Bí dókítà kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó túmọ̀. Ẹ má fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀. Ohun tí àgbàlagbà kò lè sọ lójú ọmọ rẹ̀, ó máa fi sílẹ̀ nínú ni. Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: kí ni wọ́n rò pé ó ń ṣe é, kí ni àyẹ̀wò tí wọ́n kọ fẹ́ wá jáde, àti kí ni àmì tó bá yọ tí ẹ gbọ́dọ̀ sáré padà wá. Ẹ sọ ìdáhùn náà padà sí i létí: “Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ padà, sà, bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa.” Ọ̀pọ̀ àṣìyé ń jáde níbẹ̀.

Ilé àyẹ̀wò

Ìwé àyẹ̀wò ṣúgà tí a ń fi ebi ṣe túmọ̀ sí pé ó kéré tán, wákàtí 8 láìjẹun. Omi lásán kò bà á jẹ́. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn ṣúgà gbọ́dọ̀ béèrè lọ́jọ́ tó ṣáájú bí yóò ṣe lò ó láàárọ̀ náà, torí ebi àti oògùn pọ̀ lè mú kí èèyàn dákú. Ti ìtọ̀, kí ó fọ ojú ara, kí ó tọ ti ìbẹ̀rẹ̀ dànù, kí ó gba ti àárín sínú ìgò, kí ìgò náà sì dé ọwọ́ wọn láàárín wákàtí 2.

Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán, ẹ má tíì dìde. Ẹ wò ó kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà káàdì sára ìgò níṣojú yín, kí ẹ sì fi wé èyí tó wà lórí ìwé. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, ìgò tó gba orúkọ ẹlòmíràn lè pa á. Àyẹ̀wò ibà kíákíá ń fúnni lésì láàárín 15 sí 20 ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá ní kò sí ibà, ẹ má bẹ̀ wọ́n fún oògùn ibà, ẹ bi wọ́n ohun tó kù tí wọ́n máa wò. Ojú fèrèsé ìgbowó nìkan ni kí ẹ ti sanwó, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé.

Oògùn

Àmì bd lórí ìwé oògùn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ìyẹn wákàtí 12 síra wọn. Tds jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, wákàtí 8 síra wọn. Nocte jẹ́ alẹ́. Ẹ bẹ apoògùn kó fi ẹnu sọ ọ́, ẹ̀yin kí ẹ fi Yorùbá kọ ọ́ sára páálí. Oògùn ibà artemether-lumefantrine máa ń ni àwọn èèyàn lára: ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ń lò ó láàárín ọjọ́ 3, ìkejì ń bọ̀ lẹ́yìn wákàtí 8 tí a lo ìkíní, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá, torí láìsí ọ̀rá ara kì í gbà á tán. Ẹni tó dá a dúró lọ́jọ́ kejì nítorí pé ara ti yá kò tíì lo oògùn rẹ̀ tán. Parasitamọ́ọ̀lù ti mílígíráàmù 500, kí àgbàlagbà má ju 8 lọ láàárín wákàtí 24, kí ẹ sì ka èyí tó wà nínú oògùn òtútù mọ́ ọn. Bí oògùn kò bá sí ní ọsibítù, ẹ gba ìwé yín padà. Bí ẹ bá ń rà á níta, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti bóyá iye mílígíráàmù bá ohun tí dókítà kọ mu.

Bí wọ́n bá dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, ẹ máa kọ oògùn àti abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago. Bí owó bá ń wọ́n yín, ẹ wá ọ́fíìsì àwọn social worker, àwọn tó ń ran aláìsàn tí owó ń ni lára lọ́wọ́, kí gbèsè tó ga, ẹ má dúró di ọjọ́ ìjáde. Ẹni tó ní ìwé ìbánigbófò ìlera, bí Ìlera Èkó, kó gba ìwé ìtọ́kasí láti ilé ìwòsàn tó forúkọ sí kó tó lọ sí ọsibítù ńlá, àfi bó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ tí kò dáa

Abala 30 òfin ọdún 2014 yẹn fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sùn nípa bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Ẹjọ́ tó ń dé ibi tó ń lọ ni èyí tó ní ọjọ́, aago, ibi àti ọ̀rọ̀. “Wọ́n fìyà jẹ wá” kò ní ọwọ́ tí wọ́n lè mú. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ọjọ́rú, 2:15 ọ̀sán, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ìyá mi béèrè oògùn ìrora. Nọ́ọ̀sì sọ pé kó dúró. Wọ́n fún un ní 5:40.” Ẹ ka orúkọ lórí báàjì; bí ẹ ò bá rí i, ẹ má dá orúkọ sí i.

Mátírọ̀nì wọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ bá, lójúkojú, ọjọ́ náà gan-an. Ó lè yanjú rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ́fíìsì SERVICOM, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2004 láti máa gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú nípa iṣẹ́ ìjọba; ọsibítù ìjọba àpapọ̀ máa ń ní in. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ọsibítù, lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwà dókítà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni, ìgbìmọ̀ MDCN, tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ àwọn dókítà ní Nàìjíríà, ló ni í. Ojú ewé kan ti tó fún lẹ́tà náà: ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀dà rìsíìtì, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ọ̀kan tí ẹ ó mú padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un dání, kí ẹ padà lọ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ẹni tó tọ́jú aláìsàn yín dáadáa náà, ẹ kọ tirẹ̀ lọ́nà kan náà: orúkọ, ọjọ́, wọ́ọ̀dù, ohun tó ṣe. Ẹ fún mátírọ̀nì ní ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà.