Láìnì Fóònù Ni Kọ́kọ́rọ́ Owó Yín: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Ọ̀pọ̀ olè orí fóònù kì í já ilẹ̀kùn kankan. Wọ́n á pe èèyàn, wọ́n á béèrè nǹkan, onítọ̀hún á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o fún wọn. Ìdí nìyí tí ìwé yìí kò fi bẹ̀rẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ olówó ńlá. Níbi tí fóònù kan ṣoṣo ti jẹ́ báńkì, ọjà àti ìwé ìdánimọ̀ fún odindi ìdílé, tí báńkì gan-an sì jìnnà, nọ́ńbà fóònù ló yẹ ká kọ́kọ́ dáàbò bò. Ẹni tí nọ́ńbà yín bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè gba kóòdù tí báńkì, WhatsApp àti Facebook bá fi ránṣẹ́, kóòdù yẹn ló sì máa fi wọlé ní orúkọ yín.

Ẹ ti síìmù pa

Púpọ̀ nínú wa máa ń fi PIN ti ojú fóònù, a kì í sì í rántí síìmù. Bí olè bá jí irú fóònù bẹ́ẹ̀, kò ní da ara rẹ̀ láàmú láti ṣí i. Á yọ síìmù inú rẹ̀, á fi sínú fóònù mìíràn, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì yín á sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. PIN tí a fi ti síìmù fúnra rẹ̀ ló lè dá a dúró, nítorí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá yọ síìmù náà tàbí tí wọ́n bá pa fóònù tí wọ́n sì tún tàn án, síìmù á béèrè PIN kó tó ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ wá PUK síìmù yín ná, ìyẹn kóòdù tó ń ṣí síìmù tó bá tì. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni, ó sábà máa ń wà lára ike tí wọ́n ti kán síìmù kúrò. Bí ike náà bá ti sọnù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé, ẹ má fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú fóònù. Bí èèyàn bá ṣi PIN síìmù tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì, PUK yìí nìkan ló sì lè ṣí i. Ẹni tó bá tún ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù yẹn ti kú nìyẹn, kò sí ohun tó lè jí i.

Lẹ́yìn èyí, lórí fóònù Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá Security, ibẹ̀ lẹ ó ti rí SIM lock. Bí ẹ kò bá tètè rí i, ẹ kọ SIM sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings. Lórí iPhone, abẹ́ Cellular tàbí Mobile Service ni SIM PIN wà. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì náà ní i lábẹ́ Security. Fóònù á kọ́kọ́ béèrè PIN tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, 0000 tàbí 1234 ni, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ike síìmù wò, ẹ má ṣe méfò rẹ̀. Nígbà tó bá gbà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí tiyín lójú ẹsẹ̀, torí gbogbo olè ló mọ 0000.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dédé lọ

Olè mìíràn kì í fọwọ́ kan fóònù yín rárá. Á lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù, á ní síìmù òun sọnù, á dárúkọ yín, á ka ọjọ́ ìbí yín àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín, wọ́n á sì ṣe síìmù tuntun fún un. Ní ìṣẹ́jú tí tirẹ̀ bá jí, tiyín á kú. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń lọ tó ń bọ̀, èèyàn á rò pé ìṣe rẹ̀ ni, á máa dúró dè é títí ilẹ̀ á fi mọ́, àárín àkókò yẹn sì ni owó ń jáde.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ wá ẹnì kan tó ń lo ilé iṣẹ́ fóònù kan náà pẹ̀lú yín, kí ẹ jọ dúró sójú kan. Bí tirẹ̀ bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí tiyín kò ní, ẹ pa fóònù yín, ẹ tàn án lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá padà, ẹ yá fóònù, ẹ pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pe ilé iṣẹ́ fóònù. Báńkì ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, torí owó lè ti lọ kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ láìnì yín yanjú. Ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì báńkì yín sára ògiri tàbí sínú ìwé ilé. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù nìkan kò wúlò lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù.

Ọgbọ́n kan tún wà tó jọ èyí. Ẹnì kan á pè yín, á ní òun ń ṣàtúnṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ bá òun tẹ **21*, kí ẹ kọ nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e, kí ẹ fi # parí rẹ̀. Ìpè yín ni kóòdù yẹn ń darí sọ́dọ̀ rẹ̀, kí kóòdù WhatsApp tàbí ti báńkì tí wọ́n bá fi ohùn kà lè bọ́ sí i létí. Bí ẹ bá fura, ẹ tẹ *#21# kí ẹ pè é. Fóònù á sọ bóyá ìpè yín ń lọ síbòmíràn. Láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ẹ tẹ ##002#. Ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá tún tẹ *#62# tó sì fi nọ́ńbà kan hàn: ó lè jẹ́ àpótí ohùn ilé iṣẹ́ fóònù yín, ibi tí ìpè ń lọ bí fóònù bá kú.

Kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà

Kóòdù tó bá wọ inú fóònù yín, ojú yín nìkan ló wà fún. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì, òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ọmọ ẹgbẹ́ tó nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ní “mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà yín gba kóòdù mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi í ránṣẹ́,” WhatsApp yín ló fẹ́ gbà, kódà bó jẹ́ nọ́ńbà ẹni tí ẹ mọ̀ ló fi kọ ọ́. Wọ́n ti gba ti onítọ̀hún ṣáájú ni.

Ẹ fi àgádágodo kejì sí i. Nínú WhatsApp, ẹ wọ Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ yan PIN onínọ́ńbà mẹ́fà. Ẹ fi ímeèlì sí i bí ẹ bá ní in, kí ẹ lè padà wọlé lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé PIN. Kí ẹ tó kúrò nínú WhatsApp, ẹ wo Linked devices, ibi tí ẹ ó ti rí àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹnì kan lè yá fóònù yín fún ìṣẹ́jú kan péré kó so tirẹ̀ mọ́ ọn, kó sì máa ka ọ̀rọ̀ yín fún oṣù púpọ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń fi WhatsApp gba owó gbọ́dọ̀ mú èyí ní dandan fún akápò àti alága. Kí ẹgbẹ́ sì fi ìpinnu kan sílẹ̀: bí nọ́ńbà àkáǹtì tí à ń sanwó sí bá fẹ́ yí padà, ojúkojú nípàdé la ó ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lórí WhatsApp. Nínú ilé, ẹ yan ọ̀rọ̀ kan tí ìdílé nìkan mọ̀. Ẹ̀rọ ti wà báyìí tó ń sín ohùn èèyàn jẹ, nítorí náà, ohùn ọmọ tó ń sunkún pé kí wọ́n fowó ránṣẹ́ kò tó ẹ̀rí mọ́. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, tàbí kí ẹ pa ìpè náà kí ẹ sì pe nọ́ńbà rẹ̀ tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Níwájú aṣojú báńkì àti lọ́jà

PIN onínọ́ńbà mẹ́rin lè gba ọ̀nà 10,000, ṣùgbọ́n olè kì í gbìyànjú gbogbo rẹ̀. Á tẹ 1234, 0000, 1111, lẹ́yìn náà ọdún ìbí yín. Ẹ má lo ọ̀kankan nínú wọn, ẹ má sì fi PIN síìmù ṣe PIN báńkì.

Ìyá tàbí bàbá tí kò mọ̀wé ni aṣojú sábà máa ń bá tẹ PIN. A mọ̀ pé inú rere ni lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ owó lè gba ibẹ̀ lọ. Kò dìgbà tí èèyàn bá mọ̀wé kó tó lè tẹ PIN. Ọmọ ilé lè jókòó tì wọ́n, kó fi ibi tí nọ́ńbà wà hàn wọ́n, kí àtàǹpàkò wọn máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀: bọ́tìnnì 5 fóònù kékeré sábà máa ń ní àmì kékeré tí ọwọ́ lè mọ̀ lára, látibẹ̀ ni wọ́n ti lè ka òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Aṣojú lè bá wọn tẹ gbogbo ohun tó kù. Nígbà tó bá ku PIN, kí ó dá fóònù padà, kí ó sì yíjú.

Ẹni tó ń ta irè oko kò gbọdọ̀ gba àlẹ́ẹ̀tì gbọ́. Oníjìbìtì lè fi orúkọ báńkì ránṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ á sì tò sábẹ́ àwọn tí báńkì ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, torí orúkọ lásán ni fóònù fi ń kó wọn jọ. Ẹ yẹ iye owó tó kù wò pẹ̀lú kóòdù oníràwọ̀ báńkì tàbí áàpù rẹ̀ kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀, kódà bí oníbàárà bá ní òun ń kánjú. Bí ẹnì kan bá sì pè pé òun ṣèèṣì fowó ránṣẹ́ sí yín, ẹ má dá a padà fúnra yín. Ẹ ní kó lọ bá báńkì rẹ̀, báńkì ló ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá a padà.

Líǹkì àti áàpù

Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ fún àgbẹ̀, ajílẹ̀ ọ̀fẹ́, ẹ̀bùn dáta: wọ́n sábà máa ń wá pẹ̀lú líǹkì. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ka àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ wá ìlà ìdagun / àkọ́kọ́ lẹ́yìn https://, kí ẹ sì kà padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ méjì tó kángun sí i ló sábà máa ń sọ ẹni tó ni ín. Nínú https://bankiyin.com.ebun.example/wole, “ebun.example” ló ni ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, báńkì yín kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àgádágodo kékeré tó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò sọ pé olóòótọ́ ni wọ́n. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ẹ̀yin àti ojúlé náà jọ ń sọ, olè náà sì lè gba irú rẹ̀.

Nítorí owó dáta, ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba áàpù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nípasẹ̀ Bluetooth tàbí WhatsApp. Fún eré orí fóònù, ewu rẹ̀ kéré díẹ̀. Fún áàpù owó, ẹ má ṣe é láé, inú Play Store tàbí App Store ni kí ẹ ti gbà á. Bí áàpù kan bá béèrè àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Accessibility, ẹ dúró. Àṣẹ yẹn wà fún ìrànlọ́wọ́ afọ́jú àti ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa; ó jẹ́ kí áàpù lè ka ojú fóònù, kó sì máa tẹ nǹkan ní ipò yín. Áàpù ayédèrú ń fi í kó owó nígbà tí onífóònù ń sùn. Bákan náà, ẹni tó bá ní kí ẹ fi áàpù AnyDesk tàbí TeamViewer sórí fóònù kí òun lè bá yín ṣe é, ojú fóònù yín ló fẹ́ máa wò.

Áàpù ẹ̀yáwó kan máa ń kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù, tí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó san, wọ́n á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú tì yín lọ́dọ̀ ẹbí. Láti May 31, 2023 ni Google ti ní kí áàpù ẹ̀yáwó tó wà lórí Play Store má ṣe wo nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà mọ́. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ gbà níbòmíràn kò sí lábẹ́ òfin yẹn.

Fóònù àlòkù àti fóònù àjọlò

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí rẹ̀ mu. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ àkáǹtì Google rẹ̀ kúrò níṣojú yín, kí ó tó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù lè béèrè àṣírí rẹ̀ lọ́wọ́ yín kó má sì ṣí. Lẹ́yìn náà, nínú Settings, lábẹ́ About phone, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí Android security update. Bó bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fi áàpù báńkì sórí rẹ̀. Ẹ fi síìmù owó sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, ẹ máa lo kóòdù oníràwọ̀, kí ńlá náà wà fún ìròyìn àti fọ́tò.

Ìmúdójúìwọ̀n, ìyẹn update, ń jẹ dáta, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní March 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún Windows. Ní May ọdún náà, kòkòrò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti fáìlì àwọn kọ̀ǹpútà tí kò gba àtúnṣe náà pa ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ń béèrè owó kó tó ṣí wọn. Bí dáta kò bá tó, ẹ ṣe ti báńkì, WhatsApp àti Chrome nìkan. Kí ẹgbẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà máa da àkọsílẹ̀ owó sórí fláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì yọ fláàṣì náà kúrò, nítorí èyí tó bá wà lára kọ̀ǹpútà á bá a tì.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ẹ pe báńkì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ pe ilé iṣẹ́ fóònù kí wọ́n ti láìnì. Ẹ sọ fún ẹbí àti ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ owó láti nọ́ńbà yín. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ olè náà rẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ọlọ́pàá àti báńkì á nílò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ẹnì kan lè pè pé òun lè bá yín gba owó náà padà bí ẹ bá san owó iṣẹ́ díẹ̀ ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó kó ti àkọ́kọ́ ló ta nọ́ńbà yín fún un. Ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ dí nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì fi í kún ẹ̀sùn tó wà ní báńkì.