Bẹ́ ẹ ṣe máa gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ omi ẹ̀rọ

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má tíì lọ ra páìpù o. Tówó bá ti jáde báyìí, ohun tó máa ń wù wá ni ká gbẹ́lẹ̀ káwọn èèyàn lè rí i pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ omi tí gbogbo ìlú máa mu ò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ri páìpù mọ́lẹ̀ kí ìwé àṣẹ tó jáde, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ hú u káwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò, owó yín lẹ sì máa fi hú u.

Àṣẹ tá à ń sọ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Àṣẹ láti fa omi lódò tàbí lábẹ́ ilẹ̀ wà lọ́tọ̀, tàwọn tó ń rí sí ìlera wà lọ́tọ̀, àwọn yẹn ló máa wo bẹ́ ẹ ṣe máa sẹ́ omi náà tẹ́ ẹ sì máa pa kòkòrò inú ẹ̀, ti àyíká tún wà, tẹ́ ẹ bá máa gba abẹ́ títì, àwọn tó ni títì á fọwọ́ sí i, ilẹ̀ tí tánkì máa jókòó lé náà gbọ́dọ̀ ní pépà. Orúkọ ọ́fíìsì lè yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, iṣẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Témi bá ni, ti ilẹ̀ àti ti omi ni màá kọ́kọ́ mú, torí tí wọ́n bá sọ pé rárá níbẹ̀, gbogbo pílánì tẹ́ ẹ ti yà, ẹ máa tún un yà ni.

Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tó ya ohunkóhun, ẹ lọ bá ẹni tó máa yẹ ìwé yín wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ bi í pé ọdún mélòó síwájú ló fẹ́ kẹ́ ẹ ṣírò omi tí ìlú máa lò, irú páìpù wo ni wọ́n ń gbà, láàbù wo, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, ni wọ́n fọkàn tán. Àwọn kan máa ń sá fún un torí wọ́n rò pé á rí àléébù, bẹ́ẹ̀ á ṣáà rí i náà ni, ẹ jẹ́ kó tètè rí i.

Ibi tí fáìlì ti sábà máa ń há sha ni pé pépà kan ò bá èkejì mu. Ẹ wo èyí: ẹ kọ ọ́ pé èèyàn 5,000 ló máa lo omi, 100 lítà lójúmọ́ fún ẹnì kan, ìyẹn 500,000 lítà, ẹ wá fi ìdajì lé e torí ọjọ́ tí omi máa ń lọ jù, ó di 750,000. Ó dáa. Lójú ìwé tó tẹ̀ lé e ẹ ní pọ́ǹpù á máa gbé 10 lítà wá ní sẹ́kọ́ǹdì kan, á sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20. 720,000 lítà nìyẹn, níbo ni 30,000 tó kù ti máa wá? Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa ṣe ìṣirò yẹn o, tó bá sì ti rí ẹyọ kan báyìí, kò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́. Ẹ fún ẹnjiníà míì tí ò sí nídìí iṣẹ́ náà pé kó kà á látòkèdélẹ̀ kẹ́ni tó ya pílánì tó tẹ òǹtẹ̀ ẹ̀.

Nínú pílánì, ẹ fi páìpù omi ẹ̀gbin hàn kedere. Lọ́pọ̀ ibi wọ́n fẹ́ kó jìnnà tó mítà 3 sí páìpù omi mímu, tí wọ́n bá sì máa kọjá lórí ara wọn, ti omi mímu ni kó wà lókè.

Ti láàbù: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí arsenic, ìyẹn májèlé kan tó lè wà nínú omi, má kọjá 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan, fluoride 1.5, nitrate 50, E. coli, ìyẹn kòkòrò tó ń wá látinú ìgbẹ́, ò sì gbọ́dọ̀ sí rárá nínú 100 mílílítà. Ẹ wo tìlú yín náà, ó lè le jù bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá dá ìwé padà, ẹ má bínú jàre. Ẹ dáhùn ìbéèrè wọn níkọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sí nọ́ńbà, kẹ́ ẹ sọ ojú ìwé tẹ́ ẹ ti tún un ṣe, torí “a ti ṣàtúnṣe” nìkan ò tó.

Tí àṣẹ bá wá jáde, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ẹ̀, ó sábà máa ń ní ọjọ́ tó máa kú. Tí agbaṣẹ́ṣe bá sì fẹ́ pààrọ̀ páìpù torí èyí tẹ́ ẹ kọ ò sí lọ́jà, ẹ kọ̀wé padà kó tó rà á. Àṣẹ láti kọ́ ọ yàtọ̀ sí àṣẹ láti fún èèyàn lómi o! Wọ́n á kọ́kọ́ fi agbára omi dán páìpù wò bóyá ó ń jò, ẹ wá da chlorine, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí i, ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ ni 25 mílígíráàmù nínú lítà kan fún wákàtí 24, chlorine tó kù lẹ́yìn ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ kéré sí 10. Ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, kí wọ́n gbé díẹ̀ lọ sí láàbù, ẹ má sì ṣí fáàfù fún ilé kankan títí èsì á fi dé.