Bí Mo Ṣe Kó Ìròyìn Ogun Adékúnlé Jọ, àti Ohun tí Ó Ná Mi

Owó tí mo ná kí n tó rí ojú-ewé ìwé ìròyìn mélòó kan tí wọ́n tẹ̀ láàárín ọdún 1967 sí 1969 ju iye tí ẹgbẹ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ yà sọ́tọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ náà lọ, èyí tí ó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé apá tí ó pọ̀ nínú owó náà bọ́ sórí ìwé tí ẹnì kan ti fi abẹ gé inú rẹ̀ lọ. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ẹlòmíràn yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìlú tirẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí ohun tí ojú mi rí.

Àfihàn kan ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kàdúná ní ọdún 1936, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àkéekèé Dúdú, tí ó sì darí ẹ̀ka kẹta ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun abẹ́lé tí wọ́n bá Biafra jà. Àwọn àgbà mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n bí mẹ́ta nínú wọn bá jókòó pa pọ̀, ìtàn mẹ́ta ni ẹ óò gbọ́. Mo dábàá pé kí a jẹ́ kí ìwé ìròyìn ìgbà náà sọ ọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn ni àwọn bàbá wa ń pè ní ìwé ìròyìn ilé, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ.

Lẹ́tà tí mo gbà, ọkọ̀ tí mo wọ̀ àti bí mo ṣe forúkọ sílẹ̀, n kò ní dúró lórí wọn. Ẹni tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kọjá mọ ohun tí ọ̀nà náà ń fojú ọmọ ènìyàn rí. Ìdìpọ̀ ọdún 1967, ìyẹn àwọn ìwé ìròyìn ọdún náà tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ra, kò fún mi ní wàhálà kankan. Mo rí bí wọ́n ṣe gba ojú omi wọ Bonny ní ìparí oṣù keje, mo rí Calabar ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà mo rí Port Harcourt ní oṣù karùn-ún ọdún 1968. Orúkọ ọmọ wa wà lójú ìwé tí ó ti pọ́n náà gàdàgbà, orí mi sì wú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á lọ ni mo rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìròyìn náà kì í ṣe ohun tí akọ̀ròyìn fi ojú ara rẹ̀ rí lójú ogun, bí kò ṣe ìkéde tí àwọn ológun fi ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ènìyàn máa wo ìwé ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ọjọ́ tí ìlú kan bọ́ sọ́wọ́ wọn, dípò kí ó wo ti ọjọ́ náà nìkan.

Ìdìpọ̀ tí ó kẹ́yìn ọdún 1968 ni ó dá mi lóró. Òun sì ni mo nílò jù, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìgbòkègbodò tí wọ́n ń pè ní OAU wà, ìyẹn Owerri, Aba àti Umuahia, ìlú mẹ́ta tí Adékúnlé pinnu láti gbà. Aba bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka kẹta ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, Owerri tẹ̀lé e ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, Umuahia nìkan ni kò ṣeé gbà. Nígbà tí mo béèrè ìdìpọ̀ yìí ní ilé ìkàwé kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin tí ó wà nídìí tábìlì ní, “Ẹ má bínú sà, ìwé yẹn wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ìwé dì.” Ó ní kí n padà wá. Mo padà lọ, wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí mo fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá mo lè bá ẹni tí ó ń tún ìwé dì sọ̀rọ̀, ni bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ sọ fún mi pé ìwé náà kò jáde nínú ilé yẹn rí, pé ó wà nílẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ, níbi tí òjò ti ń jò sí i lára.

Wọn kò jẹ́ kí n ṣí i wò kí n tó sanwó. Owó ìwò ni mo kọ́kọ́ san, lẹ́yìn náà owó fọ́tò lórí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ara mi ni mo fẹ́ fi yà á. Mo gba rìsíìtì, mo jókòó, mo ṣí i dé oṣù kẹsàn-án. Ihò onígun mẹ́rin ni mo bá láàárín ojú-ewé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Láti inú ihò náà ni mo ti ń ka ìpolówó ọṣẹ tí ó wà ní ojú-ewé kejì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán ṣì wà níbẹ̀, àwòrán àti ìròyìn fúnra rẹ̀ ti lọ. Mo ṣí ojú-ewé mìíràn, ihò náà tún nìyẹn. Ẹni tí ó ṣe é mọ ohun tí ó ń wá, kò sì ro ti ọmọ ẹlòmíràn tí yóò wá a lọ́la. Mo pe ọ̀gá wọn, mo fi hàn án, ó ní owó tí a bá ti kọ rìsíìtì fún kì í padà. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń ká mi lára.

Ilé ni mo ti wá rí ohun tí mo wá lọ sí Ìbàdàn. Bàbá kan ní àdúgbò Òkè-Ẹlẹ́rìn, tí àbúrò rẹ̀ jagun nínú ẹ̀ka kẹta, ní àpótí irin kan tí ó kó ìwé ìròyìn ọdún wọ̀nyẹn sí, tí ó fi àǹkárá wé. “Ọmọ mi, nu ọwọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ kàn án,” ni ohun tí ó sọ. Ìwé náà ti fẹ́ já níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, nítorí náà páálí pẹlẹbẹ ni mo rọra tì bọ abẹ́ rẹ̀, tí mo sì fi gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, níbi tí mo ti ya á. Ojú-ewé tí wọ́n gé lọ́hùn-ún wà níhìn-ín lódindi. Bàbá náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìwé ọdún 1969 tí mo rí nínú àpótí kan náà ni mo rò pé ó níye lórí jù. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin, ẹ̀ka kìíní gba Umuahia. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Owerri padà lọ́wọ́ ẹ̀ka kẹta. Umuahia gba iwájú ìwé pẹ̀lú lẹ́tà gàǹgà, ti Owerri sì wà nínú lọ́hùn-ún, ní ìlà díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ìjọba fi Ọbásanjọ́ rọ́pò Adékúnlé. Nígbà tí ó di oṣù keje, tí àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó orí, tí wọ́n sì pa ọba wa, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé, rògbòdìyàn yẹn ni orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń tìtorí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, kì í tún ṣe ọ̀gágun.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kí ó bẹ àpótí àwọn àgbà ilé rẹ̀ wò kí ó tó wọ ọkọ̀. Kí ó má ṣe sanwó ìdìpọ̀ kankan tí wọn kò bá kọ́kọ́ ṣí i fún un láàárín. Kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tí nǹkan le, nítorí pé ìròyìn ìṣẹ́gun kì í ṣòro láti rí.

Nígbà tí a fẹ́ gbé àfihàn náà kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ ní kí a yọ ìròyìn Owerri ti oṣù kẹrin kúrò, pé kò bu iyì kún ọmọ wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì kọ̀. Mo ṣàlàyé pé ẹni tí ó gba Bonny, Calabar àti Port Harcourt kò nílò kí a fi nǹkan pa mọ́ nítorí rẹ̀, àti pé abẹ tí mo bá nínú ìwé Ìbàdàn ti tó. Ìbò ni a fi parí rẹ̀. Owerri wà lára ògiri báyìí, ìgbà tí wọ́n gbà á àti ìgbà tí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.