Rédíò kékeré tí kò ka káàdì

Okun o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé rédíò oníkáàdì lọ oko, bó bá ń tanná ṣùgbọ́n tí kò kọrin, ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Kàbà. Ẹ pa á, ẹ yọ káàdì, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú irin rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un kì bọ̀ ọ́.

Bí kò bá ṣì kà á, ó lè jẹ́ fọ́máàtì, ìyẹn ọ̀nà tí káàdì ń gbà to nǹkan inú rẹ̀. Káàdì tó ju 32GB lọ sábà máa ń wá pẹ̀lú oríṣi tí wọ́n ń pè ní exFAT, bẹ́ẹ̀ oríṣi tí wọ́n ń pè ní FAT32 ni ọ̀pọ̀ rédíò yìí mọ̀. Kẹ́ ẹ tó yí káàdì náà sí FAT32, ẹ kó orin inú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ná o, torí ṣíṣe bẹ́ẹ̀ á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ìwàásù tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp ńkọ́? Opus nìyẹn, oríṣi fáìlì ohùn tí ọ̀pọ̀ rédíò yìí kò mọ̀. Ẹ fi áàpù sọ ọ́ di MP3. Yíyí orúkọ rẹ̀ nìkan kò ràn án.

Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì gún un. Ẹ ra òmíràn. BL-5C, ti Nokia àtijọ́ yẹn, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.